Ẹ̀jẹ̀ tí Màmá fún wa: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yàgbà

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní ilẹ̀ Yàgbà ni ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ti ṣẹlẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sì ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà nípa ìyá tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí ará ìlú tó bá kà á má baà dá a mọ̀. Màmá fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda kí n kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó bá sì ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìdajì yóò mọ ìdí tí ẹ̀ẹ̀kan kò fi tó mi mọ́.

Àsìkò kajú ni. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Okun, tí Yàgbà wà nínú rẹ̀, mọ̀ pé láti nǹkan bí oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin, inú oko kajú ni tọmọdé tàgbà máa ń wà, nítorí náà ẹni tó bá fi oko sílẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn lásìkò bẹ́ẹ̀, ara ń ni ín nítòótọ́. Ní ọ̀sẹ̀ náà, olùwádìí kan láti yunifásítì kan wà lọ́dọ̀ wa. Ó fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń ba kíndìnrín jẹ́ lára àwọn ará ìgbèríko tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ tó dára ni, mo sì fẹ́ kí ó yọrí sí rere títí di òní, nítorí mo ti rí àwọn tí kíndìnrín wọn daṣẹ́ sílẹ̀, tí a ní kí wọ́n máa lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin, tí owó ọkọ̀ sì ti tán wọn lápò kí wọ́n tó dórí owó ìtọ́jú. Ìwé àṣẹ olùwádìí náà pé. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń fi ṣe ìwádìí ti fọwọ́ sí i, ó ti yọjú sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ti lọ kí ọba.

Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá. Ẹni tó bá gbà láti kópa yóò buwọ́ lù ú tàbí kí ó tẹ̀ka, wọn yóò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ mìlílítà 5 lápá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà yóò sì wà lórí yìnyín títí yóò fi dé yàrá àyẹ̀wò ní ìlú ńlá. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù náà pé ìwádìí yìí kì í ṣe ìtọ́jú. Gbólóhùn kan ni, ojú ewé kejì ló wà.

Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé tábìlì wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín yàrá tí a ti ń gba káàdì àti ẹnu ọ̀nà dókítà. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀, àga sì ti wà nílẹ̀. Ohun tí mo rò nípa rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Màmá tí mò ń wí yìí yóò tó ẹni àádọ́rin ọdún. Opó ni, abà kan tó jìnnà díẹ̀ sí ìlú ló sì ń gbé. Ó gun ọ̀kadà wá ní òwúrọ̀ náà nítorí pé orí ń fọ́ ọ, etí rẹ̀ ń hó, ojú rẹ̀ kan sì ń ṣe bàìbàì. A ti fún un ní òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó sì ń lò ó, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣún un lò, kí ó má baà tètè tán. Ó gba káàdì, ó sún kan tábìlì tó kàn, ó sì jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá olùwádìí ṣiṣẹ́ wọ aṣọ funfun. Ó kí i, ó ka fọ́ọ̀mù fún un, ó ní, “Ẹ tẹ̀ka síbí, mà.” Màmá tẹ̀ka. Ó wọn ìfúnpá rẹ̀: 192 lórí 116. Ó tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀: 188 lórí 114. Ó kọ méjèèjì sínú àpótí tí wọ́n yà fún wọn nínú fọ́ọ̀mù, ó gba ẹ̀jẹ̀, ó fún Màmá ní ọṣẹ ìfọṣọ kan láti fi dúpẹ́, ó sì pe ẹni tó kàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan tó wà ní ọdún kejì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà, òun ló ń lẹ ìwé mọ́ ìgò ẹ̀jẹ̀. Ó gbọ́ tí Màmá béèrè pé, “Ṣé ẹ̀jẹ̀ yìí ni dókítà máa fi mọ ohun tó ń ṣe mí?” Ó sì gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, wọ́n máa wádìí ẹ̀.” Kò gbèrò láti tan Màmá jẹ. Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ ló sì fi dá a lóhùn.

Ọmọ náà tọ̀ mí wá níbi tí mo ti ń ka òògùn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ó dà bíi pé Màmá yẹn kò mọ̀ pé ti ìwádìí ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun fún. Ìfúnpá wọn náà ga gan-an, mà.” Mo rántí ohun tí mo sọ dáadáa, nítorí mo ti tún un sọ fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Mo ní, “Ṣé wọn ò ka fọ́ọ̀mù fún un ni? Ó ti tẹ̀ka, àbí kò tẹ̀ ẹ́? Jẹ́ kí èrò aláìsàn yìí kúrò nílẹ̀ ná.” Ó ní, “Ẹ má bínú, mà,” ó sì padà sídìí ìgò.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe dókítà wa kan ṣoṣo sí yàrá iṣẹ́ abẹ fún aboyún kan tí ọmọ rẹ̀ dábùú. A sọ fún àwọn tó kù pé kí àwọn tí àìsàn wọn bá le dúró, kí àwọn yòókù padà wá lọ́jọ́ kejì. Màmá kò dúró. Lójú tirẹ̀ ó ti parí: ó ti gba káàdì, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Káàdì rẹ̀ òfìfo ni, nítorí inú fọ́ọ̀mù ìwádìí ni iye ìfúnpá rẹ̀ wà, kò sì sí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn tó ń ka fọ́ọ̀mù ìwádìí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ó tún dé. Ó gbé iṣu mẹ́ta wá nínú àpò. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, okun o. Mo ní kí n wá dúpẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá mi yẹ̀ wò. Nígbà tí mi ò rí i kí ẹ ránṣẹ́ pè mí, mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ti dá òògùn dúró. Ojú yìí nìkan ló kù tí kò fẹ́ ríran.” Mo wọn ìfúnpá rẹ̀ fúnra mi, ó jẹ́ 206 lórí 122. A dá a dúró sí wọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìfúnpá náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí pé àwa kọ́ la dáàbò bò ó.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a dá a dúró ni mo gba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà, tí mo ka ti Yorùbá rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo ti oko kajú dé tí orí ń fọ́ mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àkọlé rẹ̀ ni “Ìwádìí”: Ìwádìí lórí àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín. Èmi àti olùwádìí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn dúró fún, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ la ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wádìí àìsàn, kí ni yóò gbọ́? Bí ọmọ bá ń sunkún ní òru, ìyá rẹ̀ yóò wádìí ohun tó ń ṣe é. Bí àìsàn kò bá gbóògùn, àwọn ẹbí yóò lọ wádìí. Ẹni tó bá ń wádìí àìsàn mi, ìdí àìsàn mi ló ń wá, kí n lè gbádùn. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi sọ fún Màmá pé a fẹ́ kó ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ kí a lè kọ́ ẹ̀kọ́ nípa gbogbo wọn, ó sì gbọ́ ọ bí ọmọ Yorùbá gidi ṣe máa gbọ́ ọ. Kò ṣì wá gbọ́. Àwa la lo ọ̀rọ̀ náà fún ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni aṣọ, lẹ́yìn aṣọ ni tábìlì. Aṣọ funfun sọ fún un pé ará ilé ìwòsàn ni ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀. Tábìlì tí mo gbé sí ojú ọ̀nà dókítà sọ fún un pé ẹni tí kò bá yà níbẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ta ni yóò wà lórí ìlà, tí yóò ti oko dé, tí yóò ní òun kò ṣe nígbà tí wọ́n bá pe òun? Fọ́ọ̀mù ní kí ó yàn bó ṣe wù ú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa sì ti yàn fún un.

Àwọn onímọ̀ ti fún àṣìṣe yìí ní orúkọ ní Amẹ́ríkà láti 1982, nígbà tí Paul Appelbaum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tó gbà láìṣiyèméjì pé ìtọ́jú tiwọn ni gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ìwádìí. Òfin ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2014, ní ohun tó sọ tó kan ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Abala 23 rẹ̀ ní kí a sọ ipò tí ara aláìsàn wà fún un, ní èdè tó yé e níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ní ọ̀nà tó bá ìwọ̀n ìwé tó kà mu. Abala 32 ní kí ẹni tí a fẹ́ fi ṣe ìwádìí kọ́kọ́ mọ ète ìwádìí náà àti ohun tó lè ṣe fún ìlera rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i. Mo ti fi àwọn abala wọ̀nyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Mo mọ̀ wọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn tọ̀ mí wá, wọn kò sì wá sí mi lọ́kàn, nítorí ohun tó wà níwájú mi kò jọ ohun tí òfin ń sọ lójú mi. Èrò aláìsàn tó pọ̀ ni mo rí.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí bá mi rò ni èyí. James Rest, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, kọ́ni ní àwọn ọdún 1980 pé kí ènìyàn tó lè hu ìwà tó tọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ ìwà wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò mọ èyí tó tọ́, tí yóò fẹ́ ẹ ju ohun mìíràn lọ, tí yóò sì ní ìgboyà láti ṣe é. Àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn la sábà máa ń fi ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ wa. A óò kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn pé aláìsàn kan kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀, kí ni nọ́ọ̀sì yóò ṣe? Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìbéèrè náà ti bá wọn rí ohun tó le jù láti rí. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kò sí ẹni tó ń kọ ìbéèrè síwájú wa. Ohùn ìyá àgbàlagbà kan ló wà, tó ń béèrè nǹkan kékeré láàárín ariwo. Mo máa ń pe ohun tó ń gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú ènìyàn ní ìfura. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ẹni tó kéré jù nínú wa ni òògùn náà wà, àgbà ló sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sọ nù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ronú nípa nọ́ọ̀sì kan ní Amẹ́ríkà, Eunice Rivers. Ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ẹ̀ka ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fi àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ṣe ìwádìí láti 1932 títí di 1972. Àwọn 399 ní àrùn rẹ́kórẹ́kó tí wọ́n ń pè ní syphilis, 201 kò ní in. Wọ́n sọ fún wọn pé “ẹ̀jẹ̀ burúkú” ni wọ́n ń tọ́jú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi ní ọ̀pá ẹ̀yìn wọn, wọ́n kọ lẹ́tà sí wọn pé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ pàtàkì ni, wọ́n sì fi pẹnisilíìnì dù wọ́n nígbà tó ti di òògùn tí gbogbo ayé ń lò fún un. Nọ́ọ̀sì ni Rivers, aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn. Òun ló ń fi ọkọ̀ gbé wọn, òun ló mọ ilé wọn àti àwọn ọmọ wọn, nítorí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń wá. Mi ò sọ pé ohun tí a ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa tó ìyẹn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òtítọ́ pamọ́ fún àwọn ọkùnrin yẹn ni, àwa kò mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan kan pamọ́. Síbẹ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé tí ará ìlú ní nínú nọ́ọ̀sì ni olùwádìí ń jókòó lé lórí ní ibi méjèèjì. Màmá kò mọ olùwádìí rí. Èmi ló mọ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí ó wà ní wọ́ọ̀dù, nígbà tí orí rẹ̀ ti fúyẹ́, mo gbé àga sún mọ́ ọn, mo sì sọ òtítọ́ fún un: pé ẹ̀jẹ̀ yẹn kò dé ọ̀dọ̀ dókítà, pé àwọn kan fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ ni, pé a rí i lọ́jọ́ náà pé ìfúnpá rẹ̀ ga, a ò sì sọ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Ẹ rí i, ẹ sì jẹ́ kí n máa lọ sóko?” Mi ò ní èsì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì béèrè bóyá kí n dá iṣu rẹ̀ padà, nítorí pé ọpẹ́ ohun tí a kò ṣe ló gbé wá. Ó ní kí n jẹ́ kó wà níbẹ̀, iṣu kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. A sè é fún àwọn aláìsàn tí kò ní olùtọ́jú lọ́dọ̀.

Olùwádìí náà kò bá mi jiyàn nígbà tí mo pè é. Ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, wọ́n dá gbígba ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n sì ní kí a padà sọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ti kópa kí a tún un ṣàlàyé fún wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ yọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kúrò. A gun ọ̀kadà láti abà dé abà. Àwọn kan ní ó yé àwọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò ó bí Màmá ṣe rò ó. Bàbá kan wò wá lójú, ó ní, “Ọṣẹ lẹ fi ra ẹ̀jẹ̀ mi,” ó sì yọ tirẹ̀. Ìrìn àjò yẹn gba ọjọ́ púpọ̀, ó sì kọ́ mi ju ìwé lọ.

Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, tábìlì ti kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé, ẹni tó bá ti rí dókítà tán nìkan ló sì ń lọ síbẹ̀. Wọn kò wọ aṣọ funfun mọ́. Dípò “ìwádìí” nìkan, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé: “Ẹ̀kọ́ la fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ yín kọ́. Kò ní wo yín sàn, a ò sì ní mú èsì rẹ̀ wá fún yín. Bí ẹ bá ní ẹ ò ṣe, dókítà yóò ṣì tọ́jú yín.” Wọ́n máa ń sọ ọ́ ní ohùn Yàgbà bí ẹni náà bá jẹ́ Yàgbà. Lẹ́yìn náà wọn yóò ní kí ẹni náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́, ibẹ̀ ni a sì ti ń mọ̀ bóyá ó yé e, bíbéèrè pé “ṣé ó yé yín?” kò wúlò, ta ni yóò sọ fún nọ́ọ̀sì pé kò yé òun? Ìfúnpá tó bá ga kò ní sun inú fọ́ọ̀mù mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò mú ẹni náà lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n tó kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ojú sì tì í ju èmi lọ, nítorí pé a kì í sábà rí i níbí kí àgbà bẹ ọmọdé ní gbangba. Ó ní, “Mo rò pé mo ti ṣe àṣejù ni, mà. Mo ti ní mi ò ní sọ irú rẹ̀ mọ́.” Ohun tí mo fi kọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, láàárín ìṣẹ́jú kan, láìjókòó, láìmú ìwé lọ́wọ́: kí ó má rí. Ó lè jẹ́ pé bí ọ̀pọ̀ wa ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Láti ìgbà náà, kí a tó tú ká ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ohun kan tó rí lọ́jọ́ náà tí kò bá a lára mu, mi ò sì ní dá a lóhùn kí ó tó sọ ọ́ tán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń sọ ohun tí mo kọjá lára rẹ̀ láàárọ̀.

Màmá ń wá gba òògùn rẹ̀ lóṣooṣù. Ojú náà kò padà bọ̀ sípò tán. Nígbà tí a béèrè bóyá kí a yọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú ìwádìí, ó bi wá léèrè ẹni tí yóò ṣe láǹfààní, mo sì sọ fún un pé bóyá àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní kí a jẹ́ kó wà níbẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n kí àwọn tó gbé e lọ padà wá sí abà wá sọ ohun tí wọ́n bá rí. Olùwádìí ti ṣèlérí pé òun yóò wá bí iṣẹ́ bá parí. Ní ìgbà tí mo rí Màmá kẹ́yìn, ó tún béèrè bóyá wọ́n ti dé, mo sì sọ fún un pé wọn kò tíì dé.